Èèwọ̀ Ilé Ìyá Akíndé

Orin ni Mùíbátù kọ́kọ́ gbọ́ kó tó dé ẹnu ọ̀nà. Ó gbé fíláàsì ẹ̀kọ dání, ó fi ọwọ́ kejì di orúnkún tó ń ro ó mú, ó sì dúró gbọn-in lábẹ́ igi máńgòrò iwájú ilé Ìyá Akíndé. Ohùn ọmọbìnrin kan ń jáde látinú yàrá, ohùn tó dùn débi pé ewúrẹ́ tó wà lẹ́nu ọ̀nà gan-an ò jẹ koríko mọ́:

"Ẹ̀kọ tutù, ẹ̀kọ gbóná,
Ẹnu Màmá ló ń lọ;
Eṣinṣin, má wulẹ̀ yọjú,
Ẹnu Màmá ló ń lọ."

Ìyá Akíndé sì ń rẹ́rìn-ín. Kì í ṣe ẹ̀rín músẹ́ o! Ẹ̀rín kèékèé, èyí tí í mú èèyàn fọwọ́ di ìhà mú. Arúgbó tí kì í sọ ju "ó tó" àti "gbé e kúrò" lọ, òun ló ń rẹ́rìn-ín báyẹn láàárọ̀ kùtùkùtù. Ẹ̀yìn ìyẹn ni Mùíbátù wá gbọ́ èyí tó dùn ún wọ akínyẹmí ara. Màmá ní, "Àbẹ̀ní, wàá fẹ̀rín pa mí o! Àbẹ̀ní ọmọ mi, bù ú wá."

Àbẹ̀ní! Oríkì ni Màmá ń pe ọmọ tí ò tíì lo oṣù kan lẹ́nu iṣẹ́! Háà, ẹ̀yin èèyàn, ayé le. Ọdún mẹ́ta gbáko ni Mùíbátù ti ń wẹ ìyá yìí, tó ń gé èékánná rẹ̀, tó ń fọ aṣọ tí ẹlòmíràn ò ní fi ìka kan kàn. Nínú ọdún mẹ́ta yẹn, orúkọ kan ṣoṣo ni Màmá ń pè é: Alátọ́jú. "Alátọ́jú, ṣé o ti dé? Alátọ́jú, gbé mi dìde." Bí ẹni ń pe òṣìṣẹ́ tó wá ka mítà iná.

Owú gun Mùíbátù dé góńgó ọ̀fun. Ẹ má fi ṣẹ̀rín. Ẹ ti ń rò ó pé orí ọkọ nìkan ni obìnrin ti ń jowú, àbí? Ẹ ò tíì rí nǹkan kan. Àwọn àgbà ní òjòwú kì í lẹ́ran láyà, ṣùgbọ́n obìnrin tó sanra ni Mùíbátù, ó lẹ́ran láyà, ó lẹ́ran lápá, ó sì tún ń jowú. Ó wọlé, ó gbé fíláàsì kalẹ̀ gbàgà. Ó ní, "Ẹ káàárọ̀ o, Màmá. Mo ti gbé ẹ̀kọ dé." Màmá ní, "A ti jẹun, Alátọ́jú. Àbẹ̀ní ti fún mi."

Kí n tó máa bá ọ̀rọ̀ lọ, ẹ jẹ́ kí n sọ ẹni tí Mùíbátù jẹ́ fún yín. Aránṣọ ni ní Ṣàngó, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ò jìnnà sí Toll Gate. Ọkọ rẹ̀ ti dolóògbé. Fàlílù, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, ń ṣiṣẹ́ ní kọ̀ǹpìnì kan ní Agbára, iṣẹ́ alẹ́ lónìí, iṣẹ́ ọ̀sán lọ́la, kì í sì í rántí pe ìyá rẹ̀ lórí fóònù àfi tí ṣòkòtò rẹ̀ bá ya. Ìgbà tí ilé wá dá páropáro fún Mùíbátù ló wọ ẹgbẹ́ Àǹtí Olúkẹ́mi. Nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì ni Àǹtí Olúkẹ́mi. Ó kó àwọn obìnrin kan jọ, mùsùlùmí àti onígbàgbọ́, tí wọ́n ń lọ sáwọn abúlé ẹ̀yìn Alápòtì láti tọ́jú àwọn arúgbó tí ò rẹ́ni tọ́jú wọn.

Ẹ sì mọ bí àwọn abúlé yẹn ṣe rí. Gbogbo ọmọ tó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ ti sá lọ síbi kọ̀ǹpìnì. Arúgbó, ewúrẹ́ àti ẹ̀gẹ́ ló ṣẹ́ kù. Ẹlòmíràn á ṣubú sínú ilé láàárọ̀, ìrọ̀lẹ́ ni aládùúgbò á tó mọ̀. Àwọn obìnrin wọ̀nyí ń wẹ̀ fún wọn, wọ́n ń fi omi iyọ̀ gbígbóná nu egbò wọn, wọ́n ń fi ọwọ́ bọ́ wọn lóúnjẹ, wọ́n ń rán wọn létí oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Ẹnì kankan ò sanwó fún wọn. Owó ọ̀kadà gan-an, àpò ara wọn ni wọ́n ti ń yọ ọ́.

Ìdí-Àgbọn lorúkọ abúlé tí wọ́n fi Mùíbátù sí. Ibẹ̀ ló ti bá Ìyá Akíndé, tó ti ṣubú ní balùwẹ̀, tí egungun itan rẹ̀ dá, tí ojú rẹ̀ sì ti ń ṣú. Akíndé ọmọ rẹ̀ náà wà ní Agbára; ìparí oṣù ló máa ń yọjú.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ yẹn, Màmá bi í pé, "Kí ni oríkì ẹ?"

Inú Mùíbátù dùn dé inú eegun. Ó ti pẹ́ tẹ́nì kan ti bi í bẹ́ẹ̀ gbẹ̀yìn. Ìyá tó bí i kú nígbà tí wọ́n ṣì ń pọ̀n ọ́n. Kò mọ ojú rẹ̀, kò ní fọ́tò rẹ̀, kò jogún ìró aṣọ kan. Oríkì yẹn nìkan ni ìyá rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un. Ìyá àgbà tó tọ́ ọ dàgbà ló ń fi pè é, nígbà tí ìyá àgbà sì lọ, oríkì náà bá a lọ. Ìyá Fàlílù ni ọkọ ń pè é, Ìyá Aránṣọ làwọn oníbàárà ń pè é. Ó wá kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹní arúgbó yìí, ó ní, "Àṣàkẹ́ ni, Mà." Ẹni tí a ṣà, tí a sì kẹ́. Ó ń retí kí Màmá fi pè é padà.

Màmá ò fi pè é. Ó yíjú sí ògiri. Ó ní, "Ó dáa. Alátọ́jú ni n ó máa pè ẹ́."

Ó dun Mùíbátù, ó sì gbé e mì. Ó ní bóyá bí tiwọn ṣe rí nìyẹn. Ó ní bí òun bá ṣe dáadáa, bí òun bá pẹ́ níbẹ̀, ọjọ́ kan ń bọ̀ tí Alátọ́jú á di Àṣàkẹ́. Nǹkan tó ń wá nínú yàrá yẹn nìyẹn, kò wá nǹkan mìíràn. Ó fẹ́ kí ìyá kan pe òun ní orúkọ tí ìyá òun sọ òun.

Ibi tó ti ń retí ni Àǹtí Olúkẹ́mi ti mú Dásọ́lá wá. Ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó ni Dásọ́lá, kò tíì pé ọmọ ọdún márùndínlọ́gbọ̀n. Ó ń ṣiṣẹ́ ní kọ̀ǹpìnì bisikíìtì kan ní Ọ̀tà, ó sì wà nínú ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì wọn. Àǹtí Olúkẹ́mi ní, "Ìyá Fàlílù, orúnkún yín ò gbà á mọ́. Ẹ jẹ́ kí Dásọ́lá máa bá yín gbé Màmá."

"Mo sọ fún yín pé ó rẹ̀ mí ni?" ni Mùíbátù dáhùn.

"Ẹ ò sọ. Orúnkún yín ló sọ, gbogbo wa la sì gbọ́."

Bàbá Rauf, aládùúgbò Màmá, tún wá da epo síná. Ọkùnrin yìí kì í kúrò lórí bẹ́ǹṣì iwájú ilé rẹ̀, ẹnu rẹ̀ náà kì í sì í sinmi. Bó ṣe rí Mùíbátù àti Dásọ́lá tí wọ́n ń bọ̀, ó pariwo pé, "Ìyálé! Ìyàwó yín ti dé o! Ẹ gbà á tọwọ́ tẹsẹ̀ o!" Dásọ́lá rẹ́rìn-ín. Mùíbátù ò rẹ́rìn-ín. Òótọ́ ni bàbá yẹn sọ láìmọ̀: ó rí lára Mùíbátù gẹ́gẹ́ bí i pé wọ́n gbé ìyàwó kékeré wọlé bá a.

Bí wọ́n ṣe wọlé, Màmá ní, "Ta lèyí? Kí ni oríkì ẹ?" Ọmọ náà ní, "Àbẹ̀ní, Mà." Màmá ò yíjú sí ògiri o. Ó ní, "Àbẹ̀ní, sún mọ́ mi kí n rójú ẹ." Ìṣẹ́jú yẹn ni wàhálà bẹ̀rẹ̀.

Kò sí ohun tí Dásọ́lá ṣe tí ò ta Mùíbátù lára. Ó mú bisikíìtì fífọ́ wá láti kọ̀ǹpìnì, ó rẹ ẹ́ sínú mílíìkì, Màmá jẹ ẹ́ tán, ó ní kò sí irú rẹ̀. Mùíbátù ní nínú ara rẹ̀ pé, "Ẹ̀kọ tí mo fi ọwọ́ ara mi sẹ́ ńkọ́? Eruku ni?" Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í jí lọ sí Ìdí-Àgbọn. Bó bá ti kírun àárọ̀, ó ti bọ́ sọ́nà, kó lè wẹ̀ fún Màmá kí Dásọ́lá tó dé. Á wẹ̀ fún un, á fi àdí pa á lára, Màmá á sì gbórí sókè pé, "Àbẹ̀ní ò wá lónìí ni?"

Ẹ wo ìyẹn ná! Ọwọ́ ẹni tó ń wẹ̀ fún ọ ṣì wà lẹ́yìn rẹ o!

Ó rán bùbá tuntun fún Màmá, àǹkárá aláwọ̀ ewé, ó fi léèsì sí i lọ́rùn. Oníbàárà mẹ́ta ló dá dúró nítorí rẹ̀, wọ́n sì bú u. Màmá fọwọ́ tọ́ ọrùn bùbá náà wò, ojú rẹ̀ là díẹ̀, ó ní, "Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ dáa, Alátọ́jú. Fi síbẹ̀. Àbẹ̀ní á bá mi wọ̀ ọ́ lọ́la." Mùíbátù ká bùbá náà, ó fi sórí àpótí. Nígbà tó dé ìdí máńgòrò, ó sunkún, ó tún bínú sí ara rẹ̀ pé òun ń sunkún. Àgbàlagbà tó ń sunkún nítorí ìyá oníyàá!

Ṣùgbọ́n orin yẹn ló burú jù nínú gbogbo rẹ̀. Bisikíìtì, Mùíbátù lè ra bisikíìtì. Agbára tí ọmọ náà fi ń gbé Màmá, Ọlọ́run ló fún ọmọdé. Orin ni ò sí ọ̀nà àbáyọ sí. Ohùn Mùíbátù ò dùn, bẹ́ẹ̀ ni kò dùn rí. Nílé kéú, nígbà tó wà ní kékeré, áfà máa ń ní kó kàn máa la ẹnu, kó má mú ohùn jáde. Bẹ́ẹ̀ bí Dásọ́lá bá ti bẹ̀rẹ̀ orin ẹ̀kọ yẹn, Màmá tó jẹ́ pé ṣíbí mẹ́ta ló máa ń mu, á mu abọ́ kan tán.

Ọjọ́ kan ni owú wá pàṣẹ, Mùíbátù sì gbọ́ràn sí i lẹ́nu. Ó bá Dásọ́lá nídìí ẹ̀rọ omi tó wà ní ìkóríta abúlé, ó ń pọnmi. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. Ó rẹ ohùn sílẹ̀.

"Dásọ́lá, wá. Mo fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ kan fún ẹ, torí pé o kì í ṣe ọmọ ibí."

"Kí ló dé, Mà?"

"Orin tí ò ń kọ yẹn. Èèwọ̀ ilé Màmá ni."

Dásọ́lá fẹ́rẹ̀ẹ́ ju kẹ́ẹ̀gì omi sílẹ̀. "Èèwọ̀ kẹ̀?"

"Láti ọjọ́ tí Bàbá Akíndé ti kú nínú yàrá yẹn, wọn kì í kọrin níbẹ̀. Ẹni tó bá kọ ọ́, kò sí ohun tó máa ṣe é. Ẹni tí wọ́n bá kọ ọ́ fún ló máa jìyà rẹ̀." Ẹ ò rí i bó ṣe to irọ́! Ó tò ó bí ẹni ń to bọ́tìnnì. Ó tún wá fi ọ̀kan dè é: "Má sì bi Màmá o. Èèwọ̀ kì í ṣe ohun tí à ń bi onílé."

Omi lé sójú Dásọ́lá. Ó kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀ ìdí ẹ̀rọ omi. "Ẹ ṣé gan-an, Mà. Ọlọ́run ló ní kẹ́ ẹ sọ fún mi. Ká ní nǹkan ti ṣe Màmá ńkọ́? Ẹ ṣé, ẹ ṣé." Bó ṣe ń dúpẹ́ yẹn gún Mùíbátù nínú bí abẹ́rẹ́, ṣùgbọ́n ó gbójú sókè, ó ní kó dìde, kó má ba aṣọ rẹ̀ jẹ́.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ilé Màmá pa rọ́rọ́. Dásọ́lá wẹ̀ fún un, kò kọrin. Ó bu ẹ̀kọ, kò kọrin. Màmá pa ẹnu dé. Mùíbátù ní, "Ẹ jẹ́ kí n fún wọn," inú rẹ̀ ń dùn ṣìnkìn. Màmá pa ẹnu dé fún òun náà. Ó yí sí ògiri.

"Àbẹ̀ní, mo ṣẹ̀ ẹ́ ni?"

"Rárá o, Màmá. Ẹ ò ṣẹ̀ mí."

"Kí ló wá dé tí o ò kọrin?"

Dásọ́lá wo Mùíbátù. Mùíbátù ń wo ilẹ̀. Dásọ́lá ní, "Ọ̀fun ló ń dùn mí, Mà."

Ọ̀fun ò sàn lọ́jọ́ kejì, kò sàn lọ́jọ́ kẹta. Arúgbó tó rò pé ọmọ tuntun ń bínú sí òun kọ oúnjẹ. Ṣíbí kan, ó tó. Omi díẹ̀, gbé e kúrò. Egungun ọrùn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yọ jáde nínú bùbá aláwọ̀ ewé yẹn. Mùíbátù se ọbẹ̀ ẹja tútù, ó se móínmóín ẹlẹ́yin, ó bẹ̀ ẹ́, ó fi Ọlọ́run bẹ̀ ẹ́. Màmá ò jẹ ẹ́.

Akíndé dé lópin oṣù, ó rí ìyá rẹ̀, orí rẹ̀ wú. Kì í ṣe ọmọ burúkú o, kò kàn ní àyè ni. Ó ní, "Mi ò lè fi yín sílẹ̀ kẹ́ ẹ kú síbí. Sunday tó ń bọ̀, mo máa wá gbé yín lọ sí Agbára."

Màmá ní, "Ta ló máa wà lọ́dọ̀ mi níbẹ̀?"

"Màmá, èmi àti ìyàwó mi la jọ ń lọ síbi iṣẹ́. A máa gbé omi àti búrẹ́dì sẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, a ó ti ìlẹ̀kùn kẹ́nì kan má bàa wọlé."

Yàrá kan ṣoṣo ni Akíndé ní ní Agbára, nínú ilé tí yàrá pọ̀ níbẹ̀ lọ bẹẹrẹ. Màmá ò bá a jà. Omi kàn ń ṣàn lójú rẹ̀ sínú etí. Sàréè ọkọ rẹ̀ wà lẹ́yìn ilé, gbogbo àwọn tó mọ̀ ọ́n wà nínú abúlé yẹn. Bàbá Rauf tó dúró lẹ́nu ọ̀nà ò pa ẹnikẹ́ni lẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà. Ó ní, "Alátọ́jú méjì! Ẹ ò lè mú arúgbó kan jẹun?"

Mùíbátù ò sùn dáadáa láti ọjọ́ yẹn. Àṣé ẹni tó da eérú leérú ń tọ̀! Ó fẹ́ lé Dásọ́lá kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá, ó sì kù díẹ̀ kó lé ìyá gan-an kúrò nílé. Ó tiẹ̀ gbìyànjú láti kọ orin náà fúnra rẹ̀ nígbà tó ku òun nìkan pẹ̀lú Màmá, ó la ẹnu, ó tún pa á dé. Dásọ́lá wà lẹ́yìn fèrèsé, ó ń sá aṣọ. Báwo lẹni tó fi èèwọ̀ lélẹ̀ á ṣe tún jẹ èèwọ̀? Irọ́ tí Mùíbátù pa fún ọmọ ọlọ́mọ ti di òun náà lẹ́nu. Asitagafurulahi ló ń kà lórí ẹ̀rọ ìránṣọ títí ó fi rán apá aṣọ oníbàárà kan mọ́ ọrùn.

Sunday dé. Mùíbátù gba ọ̀nà Ìdí-Àgbọn lọ, irọ́ mìíràn ló ń rò lọ́nà. Ó máa sọ fún Dásọ́lá pé òun ti ṣe sàárà, pé àwọn áfà ti tú èèwọ̀ náà. Kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí Akíndé háyà ti dúró sójú ọ̀nà, Akíndé àti ẹni tó ni kẹ̀kẹ́ náà ń tún ẹ̀yìn rẹ̀ tò, wọ́n ń tẹ́ fóòmù sí i. Mùíbátù dé ìdí máńgòrò, ó gbọ́ ohùn nínú yàrá, ó dúró.

Màmá ló ń sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. "Àbẹ̀ní, mò ń lọ lónìí. Má jẹ́ kí n gbé ìbéèrè yìí lọ sí Agbára. Kí ló gba orin lẹ́nu ẹ?"

Ọmọ náà bú sẹ́kún. "Màmá, ẹ dárí jì mí. Mi ò mọ̀ pé èèwọ̀ ilé yín ni. Mi ò fẹ́ kí nǹkan ṣe yín ni mi ò ṣe kọ ọ́ mọ́."

"Èèwọ̀? Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹ?"

"Àǹtí Ìyá Fàlílù ni, Mà."

Ẹ̀yin èèyàn mi! Bí ilẹ̀ bá lanu nígbà yẹn, Mùíbátù á bọ́ sínú rẹ̀, á sì tún fọwọ́ ara rẹ̀ dé e. Ọdún mẹ́ta iṣẹ́ rere, gbólóhùn kan ló fẹ́ fọ gbogbo rẹ̀ dànù. Ó ń dúró de èébú. Ó ń dúró kí Màmá pe Akíndé, kí Akíndé pe Àǹtí Olúkẹ́mi, kí gbogbo abúlé gbọ́.

"Òótọ́ ló sọ," ni Màmá wí.

Mùíbátù rò pé etí òun ń tan òun jẹ ni.

"Ilé yìí ní èèwọ̀," ni Màmá ń bá lọ. "Ó mọlé yìí jù ẹ́ lọ. Ṣùgbọ́n kò sí èèwọ̀ tí ò ní ètùtù. Ti orin yìí, ẹni tó sọ ọ́ ni yóò kọ́kọ́ kọ ọ́. Bó bá ti kọ ọ́, ó tú nìyẹn, gbogbo ayé lè máa kọrin." Ó wá gbé ohùn sókè díẹ̀: "Alátọ́jú! Orúnkún ẹ ti ń dún lábẹ́ máńgòrò láti àárọ̀. Wọlé. Ìwọ Àbẹ̀ní, lọ bá mi fọ abọ́."

Dásọ́lá nu ojú, ó gbé abọ́, ó kọjá lára Mùíbátù lẹ́nu ọ̀nà, ó tún kúnlẹ̀ kí i. Mùíbátù wọlé. Ó dojú bolẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹní, tòun ti orúnkún rẹ̀.

"Màmá, mo parọ́."

"Mo mọ̀. Èmi ni mo ni ilé, kò sí èèwọ̀ tí mi ò mọ̀ níbẹ̀. O jowú."

"Mo jowú, Màmá. Ẹ̀ ń pè é ní Àbẹ̀ní. Ọdún mẹ́ta, ẹ ò pè mí rí."

Màmá na ọwọ́, ó wá orí rẹ̀ kiri títí ọwọ́ náà fi bà á. "Gbọ́. Èèwọ̀ kan wà nílé yìí lóòótọ́, orin kọ́. Orúkọ kan ni. Mo bí ọmọbìnrin kan ṣáájú Akíndé. Ó ti ń rìn, ó ti ń bá mi ṣa igi. Ibà gbé e lọ. Mo ní láti ọjọ́ náà, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ pe oríkì ọmọ yẹn nínú ilé yìí mọ́. Bàbá Akíndé ò pè é títí ó fi kú. Akíndé ò jẹ́ pè é." Ó mí kanlẹ̀. "Ìwọ wá kúnlẹ̀ síbi tó o kúnlẹ̀ sí yìí, o la ẹnu, o pè é sí mi létí. Mo fẹ́ lé ẹ lọ lọ́jọ́ náà. Ọwọ́ ẹ ni ò jẹ́ kí n lé ẹ. Ọwọ́ ẹ rọ̀ jù."

Mùíbátù gbàgbé láti sunkún. Ó ń wo ẹnu arúgbó náà. Ọdún mẹ́ta tó fi ń jowú, orúkọ òun gan-an ló kún yàrá yẹn fọ́fọ́, tí ò jẹ́ kí ìyá lè la ẹnu.

Akíndé yọjú. "Màmá, kẹ̀kẹ́ ti ṣe tán. Ẹ jẹ́ ká máa lọ kí oòrùn tó mú."

"Dúró ná," ni Màmá wí. "Mo fẹ́ jẹun."

"Ẹ fẹ́ kí ni?"

Màmá yíjú kúrò lára ògiri, sọ́dọ̀ Mùíbátù. Ó ní, "Àṣàkẹ́. Àṣàkẹ́ mi, kọrin kí n jẹun."

Báàgì tó wà lọ́wọ́ Akíndé bọ́. Ó wo ìyá rẹ̀, ó wo aránṣọ tó wà nílẹ̀, ó sì rọra jókòó sórí àpótí bí ọmọ kékeré.

Mùíbátù ṣí fíláàsì. Ó bu ẹ̀kọ, díẹ̀ dà sórí ẹní. Ó la ẹnu, ó gbé orin sókè, ó gbé e lódì. Ó fi ẹ̀kọ gbóná ṣáájú ẹ̀kọ tutù, ó gbàgbé eṣinṣin, ó fi èèrà dípò. Ohùn rẹ̀ ń ha bí ẹ̀rọ ìlọta tí ò rí epo. Láti òde ni Bàbá Rauf ti kígbe pé, "Ta ló ń lọ ata lọ́jọ́ Sunday?"

Màmá bú sẹ́rìn-ín. Kèékèé, tó fi ń di ìhà mú. Bó ṣe la ẹnu láti rẹ́rìn-ín ni Mùíbátù rọ ṣíbí àkọ́kọ́ sí i, ó gbé e mì, ó tún la ẹnu. Akíndé ń wò ó. Ó ka ṣíbí kẹta, kò kà á mọ́, ó dìde, ó jáde lọ sọ fún ẹni tó ni kẹ̀kẹ́ pé kó máa lọ, kò sí ibi tí wọ́n ń lọ mọ́.

Dásọ́lá ti gbọ́ orin, ó sáré wọlé, abọ́ tútù lọ́wọ́, ìdùnnú kún ojú rẹ̀. "Ó ti tú? Èèwọ̀ ti tú?" Màmá fi orí ní bẹ́ẹ̀ ni. Ọmọ náà kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ Mùíbátù, ó gba orin lẹ́nu rẹ̀, ó tún un ṣe, ó dá eṣinṣin padà sí àyè rẹ̀, yàrá sì kún fún ohùn dídùn yẹn. Inú Mùíbátù tún ta díẹ̀. Ẹ má tan ara yín jẹ, owú kì í ṣe ìdọ̀tí tí wọ́n ń fi ọṣẹ wẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ó wo Dásọ́lá, ó wo Màmá, ó sì sún sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí ọmọ náà lè ríbi kúnlẹ̀ dáadáa. Ṣíbí wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò fi sílẹ̀.